Wọ́n Fi Mí Ṣe Ọmọ Ogun Kítánì

Bàbá mi máa ń pariwo lórí fóònù, bí ẹni pé ẹsẹ̀ ni ohùn wọn máa fi rìn dé Kòríà. Bí mo bá ti pè wọ́n nílé wa ní Joju, ní Sango Ọ̀tà, gbogbo ẹni tó wà nínú yàrá ló máa ń gbọ́ wọn. "Ṣé o ti jẹun? Ṣé òtútù ò mú ẹ jù? Ṣé ò ń kírun?" Wọn kì í dúró gbọ́ ìdáhùn ọ̀kan kí wọ́n tó bi mí ní òmíràn. Ráfíkì, ọmọ Bangladéṣì tí èmi àti ẹ̀ jọ ń gbé yàrá, kò gbọ́ Yorùbá rárá, síbẹ̀ ó dá ohùn Bàbá mọ̀. Á rẹ́rìn-ín, á ní bàbá òun náà kì í sọ̀rọ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ lórí fóònù.

Nígbà tó yá, mi ò gbọ́ ohùn yẹn mọ́. Ohun tó dùn mí jù ní gbogbo ìgbà tí mo fi wà nílẹ̀ àjèjì nìyẹn, ju òtútù lọ, ju iṣẹ́ lọ.

Oníbàtà awọ ni Bàbá. Ìwó ni wọ́n ti wá sí Sango kí wọ́n tó gbé Màmá níyàwó, wọ́n sì gba ṣọ́ọ̀bù kékeré kan ní Joju, níbi tí wọ́n ti ń rán sálúbàtà fún àwọn tó ń lọ sí mọ́ṣáláṣí. Gbogbo ìgbà tí a fi ń gbé ibẹ̀, àwọn ọmọ onílẹ̀ Ọ̀tà ò yé bi wọ́n pé, "Bàbá, ìlú yín gan-an ńkọ́?" Bí a bá sì lọ ṣọdún Iléyá ní Ìwó, àwọn ẹbí á ní, "Àwọn ará Ọ̀tà ti dé o." Nítorí náà, kí n tó kúrò nílé, mo rò pé mo ti mọ ohun tí wọ́n ń pè ní àjòjì. Irọ́ ni. Mi ò mọ nǹkan kan.

Ní Sango, bí ilẹ̀ bá ti mọ́, ọlọ́kadà á máa fọn fèrè, àwọn tó ń lọ sí ilé iṣẹ́ lójú ọ̀nà Ìdírokò á máa sáré, ẹ ó sì máa kí ara yín bẹ́ ẹ ṣe ń sáré. Èmi náà ṣiṣẹ́ níbẹ̀, nílé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe àga rọ́bà. Nígbà tí mo dé Kòríà, mo ń kí àwọn èèyàn lójú títì bí a ṣe ń kí ara wa nílé. Obìnrin kan di báàgì rẹ̀ mọ́ra, ó sọdá sí òdìkejì. Bí mo bá wọ bọ́ọ̀sì, àga tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi á ṣófo, àwọn èèyàn á sì wà lórí ìdúró. Ó máa ń dùn mí gan-an. Ó dé ibi tí mo fi ń gbóòórùn ara mi kí n tó jáde nílé, bí ẹni pé èmi ni mo ṣẹ̀ wọ́n.

Òtútù ibẹ̀ kì í ṣe ẹgbẹ́ ọyẹ́ wa. Ọyẹ́ a máa la èèyàn lẹ́sẹ̀, èyí ń wọ inú eyín. Mo wọ kóòtù lé kóòtù títí mo fi ń rìn bí obìnrin tí oyún rẹ̀ ti dàgbà, síbẹ̀ ó ń rí ọ̀nà wọlé.

Ilé iṣẹ́ irin ni mo ti kọ́kọ́ ṣiṣẹ́. Ọ̀rọ̀ Kòríà àkọ́kọ́ tí mo mọ̀ ni "pálì-pálì", ìyẹn ni pé kí n ṣe kíá. Ọ̀gá á pariwo rẹ̀, igbákejì ọ̀gá á gbà á lẹ́nu rẹ̀, mo sì ń gbọ́ ọ lójú oorun. Nínú pálì-pálì yìí ni ẹ̀rọ tó ń tẹ irin ti gba ìka méjì lọ́wọ́ òsì mi. Kò pẹ́ sí i ni ilé iṣẹ́ náà kógbá sílé, ìwé ìgbélùú mi sì kọjá àkókò. Láti ìgbà náà, bí mo bá jáde ní Kòríà, mi ò ní lè wọlé mọ́. Bí mi ò bá sì jáde, mi ò ní lè dé Joju. Àárín méjèèjì ni mo há sí.

Mi ò sọ fún wọn nílé. Bí a bá ń fi fóònù wo ojú ara wa, ọwọ́ òsì mi á wà nínú àpò. Màmá á ní ara mi ti dán, èmi náà á ní ara tiwọn ti dán. Báyìí la ṣe ń tan ara wa jẹ, inú gbogbo wa sì ń dùn sí i.

Ráfíkì ló bá mi wá iṣẹ́ sí ìlú kékeré kan, ní oko ata. Abẹ́ ọ̀rá ńlá ni wọ́n ń gbin ata sí níbẹ̀, nítorí òtútù. Ẹni tó ni oko náà jẹ́ bàbá arúgbó kan tí a ń pè ní Hárábọ́jì, bí wọ́n ṣe ń pe bàbá àgbà lédè wọn. Ó ní ọjọ́ kan tí mo fi ata oko wọn dín ọbẹ̀ bí a ṣe ń dín in nílé, mo sì gbé e fún wọn. Wọ́n jẹ ẹ́, omi ń dà lójú wọn, imú wọn ń ṣomi, wọ́n tún bù sí i. Inú mi dùn lọ́jọ́ yẹn ju ìgbà tí mo kọ́kọ́ gba owó oṣù lọ.

Oko yìí ni mo wà nígbà tí ohùn Bàbá di àwátì.

"Múfú, gbé fóònù fún Bàbá," ni mo máa ń sọ fún àbúrò mi.

"Bọ̀ọ̀dá, Bàbá ti lọ sóko ní Àtàn. Ẹ mọ̀ pé kò sí nẹ́tíwọ̀kì níbẹ̀."

"Láti ìgbà tí wọ́n ti lọ yìí, wọn ò tíì dé?"

"Wọ́n dé, wọ́n tún padà lọ ni. Ẹ̀gẹ́ ti tó wà."

"Fóònù tiwọn ńkọ́?"

"Ó bọ́ sómi jàre. A ti gbé e fún àwọn tó ń tún un ṣe ní Sango."

"Ó dáa, ya wọ́n ní fọ́tò, kó o fi ránṣẹ́ sí mi."

Fọ́tò dé lọ́jọ́ kejì. Bàbá jókòó sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, wọ́n dé fìlà, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Mo wò ó títí. Èmi gan-an ni mo ya fọ́tò náà, kí n tó kúrò nílé.

Mo mọ àwọn èèyàn wa. A kì í fi fóònù túfọ̀ fún ẹni tó wà lókè òkun. Bó bá wà nídìí ẹ̀rọ tó gbọ́, ọwọ́ rẹ̀ lè ṣìnà. Bó bá ń wakọ̀, ó lè já sí gọ́tà. A ó kọ́kọ́ wá ẹni tó sún mọ́ ọn níbẹ̀, pé kó lọ jókòó tì í. Bí a ò bá rí irú ẹni bẹ́ẹ̀, a ó máa purọ́ lọ títí Ọlọ́run á fi la ọ̀nà. Nígbà tí ìyàwó aládùúgbò wa kan kú tí ọkọ rẹ̀ wà ní Líbíà, gbogbo ilé tó wà ní àdúgbò wa ló ń sọ fún un pé ìyàwó rẹ̀ lọ ra ọjà ní Kútọnu. Ẹni tó bá fẹ́ sọ òótọ́, ìkà èèyàn ni. Nítorí náà, bí Màmá bá ti ní, "Bàbá ẹ ní kí n kí ẹ o," ọkàn mi á já. Ẹ̀rù ń bà mí láti béèrè, ẹ̀rù sì ń bà mí láti dákẹ́. Mùsùlùmí ni wá, a kì í jẹ́ kí òkú pẹ́ nílẹ̀. Bí wọ́n bá tiẹ̀ sọ fún mi lójú ẹsẹ̀, wọn á ti sin Bàbá kí n tó rí bàtà wọ̀. Ohun tí mo wá ń tọrọ lọ́wọ́ Ọlọ́run ò ju pé kí n tún gbọ́ ohùn wọn lẹ́ẹ̀kan péré.

Ìlú ata yìí ní ọdún kan tí wọ́n máa ń ṣe lẹ́yìn ìkórè. Wọ́n ń fi í rántí ogun àtijọ́ kan tó wáyé nígbà tí ìjọba Kòríà ń jẹ́ Góríyọ̀, tí àwọn Kítánì, ẹlẹ́ṣin láti apá àríwá, ń sọdá ààlà wá bá wọn jà. Àwọn baba ńlá ìlú náà wà lára àwọn tó lọ sógun. Tẹ́lẹ̀, àwọn ọ̀dọ́ ìlú ló máa ń ṣe Kítánì nínú eré ogun náà, àmọ́ gbogbo wọn ti lọ sí ìlú ńlá, ó ku àwọn arúgbó. Hárábọ́jì ni alága ọdún. Wọ́n wá sínú oko, wọ́n wo Ráfíkì, wọ́n wo èmi, wọ́n wo àwọn ọmọ Nẹ̀pọ́ọ̀lù tí a jọ ń ká ata.

"Ẹ̀yin lẹ ti òkèèrè wá," ni wọ́n wí. "Ẹ̀yin ni Kítánì wa lọ́dún yìí."

Mo bú sẹ́rìn-ín. Èmi tí mo dúdú báyìí! Wọ́n ní kò sí wàhálà, akoro máa bo ojú mi.

Tìtara-tìtara ni Hárábọ́jì ń sọ ìtàn náà fún wa, bí ẹni pé àná ló ṣẹlẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni àwọn Kítánì gbógun wọlé. Nígbà ìkẹta, arúgbó tó ti lé ní àádọ́rin ọdún ni ọ̀gágun Góríyọ̀. Ó ní kí wọ́n rán awọ màlúù pọ̀, kí wọ́n fi dí odò. Ìgbà tí àwọn Kítánì dé àárín odò ni wọ́n tú awọ náà, omi sì ya lù wọ́n. Mo sọ fún Ráfíkì pé ká ní Ọ̀tà ni, ọ̀gágun náà ì bá máà rí awọ kankan rán, a ó ti fi ṣe pọ̀nmọ́ jẹ tán. Àwọn Kítánì tó kù ṣì ń lọ síwájú. Nígbà tó yá, wọ́n kọjú sílé, àmọ́ nítòsí ààlà, afẹ́fẹ́ yí padà, òjò ń lù wọ́n lójú, àwọn Góríyọ̀ sì lé wọn bá. Ìwọ̀nba díẹ̀ ló délé.

Awọ gidi ni wọ́n fi ń ṣe eré náà, awọ ọdún tó kọjá sì ti jẹrà. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n rán tuntun. Mo fi ìda pa okùn bí Bàbá ṣe máa ń ṣe é, mo fi ẹsẹ̀ tẹ awọ mọ́lẹ̀, torí ọwọ́ òsì mi ò lè dì í mú dáadáa mọ́. Hárábọ́jì fà á, wọ́n tún fà á, kò já. Wọ́n gbọ́wọ́ lé mi léjìká. Mo ti fa fóònù yọ kí n pe Bàbá, kí n tó rántí.

Ibi tí a ti ń rán awọ yìí ni mo ti fi ìwọ̀nba èdè wọn tí mo gbọ́ béèrè ohun tó ń jẹ mí lọ́kàn.

"Hárábọ́jì, àwọn Kítánì tí wọn ò pa, tí wọn ò sì délé ńkọ́?"

Wọ́n ní àwọn Góríyọ̀ kó wọn lẹ́rú, wọ́n fún wọn nílẹ̀ díẹ̀ láti máa gbé. Àwọn kan sọ pé àwọn ọmọ wọn ló wá ń hun apẹ̀rẹ̀ káàkiri.

"Ta ló sọ fún àwọn ará ilé wọn pé wọ́n wà láàyè?"

Bàbá arúgbó náà wò mí. "Ta ni ì bá sọ fún wọn?"

Wọ́n wá ní lẹ́yìn àwọn Kítánì, Góríyọ̀ tún bá àwọn Jọ́ṣẹ́nì, ẹ̀yà mìíràn láti apá àríwá, jà ní ààlà yẹn kan náà. Wọ́n gba ilẹ̀ àwọn Jọ́ṣẹ́nì, wọ́n kọ́ odi mẹ́sàn-án sí i. Àwọn Jọ́ṣẹ́nì ò yé jà, wọn ò sì yé bẹ̀bẹ̀, títí Góríyọ̀ fi dá odi mẹ́sẹ̀ẹ̀sán padà fún wọn. Hárábọ́jì sọ fún mi pé apá àríwá yẹn gan-an ni wọ́n ti bí bàbá àwọn, pé ibẹ̀ ni sàréè bàbá bàbá àwọn wà, àmọ́ láti ìgbà tí wọ́n ti pín Kòríà sí méjì, ẹnikẹ́ni láti ìhà ibí ò lè dé ibẹ̀ mọ́. Wọ́n sọ ọ́ wẹ́rẹ́, wọ́n ń ká okùn mọ́ ọwọ́. Èmi ni omi bọ́ lójú mi. Mo rò ó pé, a máa ń rò pé ẹni tó wà nílé ló ní ilé, àṣé àwọn tó wà nílé náà ní ibi tí wọn ò lè dé.

Ọjọ́ ọdún pé. Oòrùn ràn lọ́sàn-án yẹn, ìlú kún. A ti òkè pápá sáré bọ̀, à ń pariwo bí Kítánì, àwọn arúgbó ń fi ọ̀pá igi lù wá, àwọn ọmọdé ń pàtẹ́wọ́. Wọ́n tú awọ tí mo rán, omi ya, mo sì ṣubú bí wọ́n ṣe kọ́ mi. Mo rò pé ó ti parí nìyẹn. Mi ò mọ̀ pé wọ́n ní àṣà kan lẹ́yìn rẹ̀. Wọ́n máa ń bọ̀wọ̀ fún òkú ọ̀tá náà, kí ó má bàa jẹ́ pé kò sẹ́ni tó sunkún wọn. Ìyá arúgbó méjì wá sí ẹ̀gbẹ́ mi, wọ́n ṣí akoro mi, wọ́n fi tówẹ́ẹ̀lì nu ojú mi, wọ́n sì fi aṣọ funfun bò mí láti ẹsẹ̀ dé orí. Gbogbo ìlú dákẹ́, wọ́n tẹrí ba. Lábẹ́ aṣọ yẹn, mo ń ronú pé kò tíì sí ẹni tó nu ojú mi láti ìgbà tí mo ti dé ilẹ̀ yìí.

Ráfíkì, tí wọ́n fi sí ara àwọn Kítánì tó sá àsálà, fi fóònù mi ká a sílẹ̀ ní fídíò. Apá ìkẹyìn yìí nìkan ló rí ká. Bí mo ṣe dìde ni mo fi ránṣẹ́ sí Múfú, mo kọ ọ́ sí i pé, "Fi han Bàbá." Mo ronú pé bí Bàbá bá wà láàyè, wọ́n á fi èébú pè mí padà, wọ́n á ní ṣé eré òṣì báyìí ni mo tìtorí ẹ̀ lọ òkè òkun. Mo dúró létí odò, aṣọ ogun ń jo omi lára mi, mo ń wo fóònù.

Fóònù dún. Igbe Màmá ni mo gbọ́.

"Yéè! Wọ́n ti pa ọmọ mi! Ẹ̀ẹ̀kejì rèé, ẹ̀ẹ̀kejì tí wọ́n ń fi aṣọ funfun bo èèyàn mi lójú mi!"

"Màmá! Màmá, èmi nìyí. Mi ò kú. Eré ni."

"Ìwọ ni? Ṣé ìwọ ni lóòótọ́?"

"Èmi ni. Ẹ̀ ń gbọ́ ohùn mi."

"Irú eré wo nìyẹn? Ta ní ń fi kàfánì ṣeré? Ṣé èyí tí a fi wé bàbá ẹ ò tíì tó ni?"

Mo gbọ́ tí Múfú ní, "Màmá!" Ìdí òkúta tó wà níbẹ̀ ni mo jókòó sí. Ráfíkì wo ojú mi, ó jókòó tì mí.

Màmá bú sẹ́kún. Wọ́n ní kí n foríji àwọn, pé Bàbá fúnra wọn ló ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ sọ fún mi. Wọ́n tún ní kí n má ṣe tìtorí òkú wá sílé, pé òkú ti lọ, kí èmi tó wà láàyè dúró níbi tí oúnjẹ wà. Múfú gba fóònù lọ́wọ́ wọn, ó jáde sí ẹ̀yìnkùlé.

"Kí ló ṣe wọ́n?" ni mo bi í.

"Apá kan ara wọn ló rọ, Bọ̀ọ̀dá. Ahọ́n wọn wá wúwo. Bí ẹ bá gbọ́ wọn, ẹ ó mọ̀ lójú ẹsẹ̀. Ìdí nìyẹn tá ò fi lè gbé fóònù fún wọn."

"Ṣé wọ́n béèrè mi?"

"Lójoojúmọ́. Nígbà tí iyè wọn ra, wọ́n rò pé ẹ ti gbàgbé àwọn, pé ẹ ò pè mọ́. Màmá ò lè wò wọ́n bẹ́ẹ̀. Ohùn tèmi àti tiyín jọra, gbogbo èèyàn ló ń sọ ọ́. Mo bá lọ sí ṣọ́ọ̀bù, mo pe fóònù Màmá látibẹ̀, wọ́n gbé e sí Bàbá létí. Mo ṣe bí ẹni pé ẹ̀yin lẹ pè."

Mo di fóònù mú le. "Wọ́n gbà á gbọ́?"

"Wọ́n gbà á gbọ́. Inú wọn dùn, ẹ ò lè mọ bó ṣe tó. Wọ́n ṣàdúrà fún yín títí ó fi rẹ̀ wọ́n. Wọ́n ní ṣé àwọn èèyàn ibẹ̀ ń ṣe dáadáa sí mi, mo ní wọ́n ń ṣe dáadáa. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì ló mọ́ tí wọn ò jí."

"Sọ gbogbo rẹ̀ fún mi, Múfú. Má ṣe fo nǹkan kan."

"Ó ku ọ̀kan. Wọ́n ní, 'Ìgbà wo lò ń bọ̀?'"

"Kí lo wá sọ?"

Ó ń sunkún. "Ẹ má bínú, Bọ̀ọ̀dá. Mi ò mọ ohun tí mo lè sọ. Mo ní, 'Mo ti wà lọ́nà, Bàbá.'"

Lọ́jọ́ Ajé, Hárábọ́jì fi ọkọ̀ wọn gbé mi lọ sí ọ́fíìsì ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àwọn àjèjì. Lójú ọ̀nà, wọ́n bọ́ kóòtù ọrùn wọn, wọ́n gbé e lé mi lẹ́sẹ̀. Ọ̀dọ́bìnrin kan ló dá mi lóhùn ní ọ́fíìsì náà. Ó wo ìwé ìrìnnà mi, ó wo ojú mi, ó sì rọra ṣàlàyé fún mi pé bí mo bá lọ báyìí, wọn ò ní jẹ́ kí n padà wọlé. Mo ní mo mọ̀. Ó ní, kí ló wá dé tí mo fẹ́ lọ?

Mo wá ọ̀rọ̀ títí nínú èdè wọn. Mo ní wọ́n ti sọ fún bàbá mi pé mo ti wà lọ́nà.